Ta Ló Jẹ Adìyẹ Abiyamọ?

Bí wọ́n bá ní kí gbogbo òmùgọ̀ ìlú Tuku tò sórí ìlà, Àmá Bongchi á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun síwájú, kí ẹnikẹ́ni má sì ti òun. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàkigbà tí ìtàn adìyẹ yìí bá délẹ̀, ìyá àgbà náà á kọ́kọ́ na ìka sí àyà ara rẹ̀, á wá rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

"Èmi ni mo sin adìyẹ," á ní. "Èmi ni mo pa á, èmi ni mo sè é, èmi náà ni mo gbé abọ́ òfìfo káàkiri àdúgbò bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Àmọ́ ẹ bi mí pé ta ló jẹ ẹ́. Ẹ bi mí! Àkùkọ tí mo pa gan-an gbọ́n jù mí lọ, torí òun mọ ikùn tó gba òun."

Yàtọ̀ sí àkùkọ, ẹnì kan tún wà tó mọ̀: Sinlei, ọmọ ọmọ Àmá, tó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní girama kékeré, tí ìdánwò àṣewọ girama àgbà sì ń bọ̀ wá bá a. Ìyá Sinlei ti kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé áyù àti ẹ̀pà káàkiri erékùṣù, ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Àmá ló tọ́ òun àti Peijun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dàgbà. Nígbà tí Peijun wá lọ́kọ, tó lóyún, tó sì ní ilé Àmá lòun ti máa jókòó oṣù lẹ́yìn ìbímọ, ìyẹn oṣù kan tí abiyamọ fi ń sinmi nínú ilé, ayọ̀ gbé ìyá àgbà náà wọ ọjà. Òròmọdìyẹ ló rà, àgò kan gbáko, ó sì sìn wọ́n títí oyún náà fi di ọmọkùnrin.

Lọ́jọ́ tí Peijun gbé ọmọ dé, Àmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá òkè bíi sójà.

"Oṣù kan gbáko!" ó ní. "O ò gbọ́dọ̀ fọ irun. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi tútù. O ò gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ inú eegun rẹ. O ò gbọ́dọ̀ kàwé, o ò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, o ò gbọ́dọ̀ sunkún. Abiyamọ tó bá sunkún nínú oṣù ìjókòó, ojú rẹ̀ á fọ́ lọ́jọ́ ogbó."

"Àmá, ṣé wọ́n lè mí?" Sinlei béèrè láti ẹ̀yìn.

"Kó máa mí díẹ̀díẹ̀."

"Kí ni màá wá máa ṣe?" Peijun béèrè.

"Jẹ adìyẹ," ni Àmá wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ pọ́n ọ̀bẹ.

Ẹni tí kò bá tíì gbóòórùn adìyẹ abiyamọ rí, kó má sọ pé òun ní imú. Àmá á din atalẹ̀ nínú òróró yánmọtí dúdú títí á fi ká kò, á da adìyẹ lé e, á wá yí ìgò ọtí ìrẹsì dà sí i lórí. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ọtí náà hó títí agbára rẹ̀ á fi bá èéfín lọ. Àmá kọ̀. Bó bá ti fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀, á tún bu ọtí tútù sí i, "fún okun." Òórùn náà á wá gun àtẹ̀gùn lọ bí àlejò tó mọ yàrá tó ń lọ.

Sinlei kò sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò.

"Oúnjẹ abiyamọ ni," ni Àmá wí. "Ìwọ, ọmọ wo lo bí? Kábéèjì rẹ rèé."

Àmọ́ ta ní ń gbé abọ́ gòkè? Sinlei náà ni.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n dé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Peijun kò sùn. Oòrùn oṣù kẹrin ń yan òrùlé, fèrèsé wà ní títì, fìlà onírun wà lórí rẹ̀, òógùn sì ń ṣàn ní ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oúnjẹ ti dé."

"Gbé e lọ, jọ̀ọ́. Inú ń rìn mí."

"Àmá á bínú o."

Peijun yí ojú padà. Ojú náà gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. "Bá mi jẹ ẹ́ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Má sọ fún wọn."

Sinlei wo abọ́. Itan adìyẹ ńlá kan nàró nínú ọbẹ̀, ó ń dán, ó ń wò ó. Ọmọ tó ti ń jẹ kábéèjì láti ọjọ́ méjì kì í bá itan adìyẹ jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ apá, ó jẹ ọrùn, ó mu omi ọbẹ̀, ó fi ìka nu ìdí abọ́, ó sì fọkàn ara rẹ̀ balẹ̀ pé ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe.

"Mo ṣèlérí," ó wí, bí ó ti ń yọ eegun kúrò lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀kan péré di ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì di àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Nísàlẹ̀, ayọ̀ ń pa Àmá. Bí abọ́ òfìfo bá ti sọ̀ kalẹ̀, òun náà á ti bọ́ síta lọ bá Kimlian, aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n jọ máa ń jókòó níwájú ilé gé gbòǹgbò áyù.

"Kimlian, wá wo abọ́! Wò ó! Ṣe ló lá a! Ẹja kò lè wẹ̀ níbí mọ́."

"Ó mà ń jẹun o," ni Kimlian wí. "Èmi ò lè jẹ tó yẹn nígbà tèmi."

"Ọmọ mi ni, ó fara jọ mí ni! Nígbà tí mo bí bàbá wọn, mi ò ṣẹ́ eegun kù. Omijé kan kò bọ́ lójú mi. Oṣù kò tíì pé tí mo ti wà lóko."

Kimlian gbé ọ̀bẹ dúró. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ Bongchi?"

"Èmi Bongchi!"

"Hùn-ún," ni Kimlian wí, ó sì mú áyù mìíràn.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì Hsieh gun alùpùpù dé láti ilé ìlera, ó wá wo ìyá àti ọmọ. Ọmọ tóbi, ó dára. Ó wá jókòó ti Peijun, ó rọra béèrè pé báwo ni oorun.

"Ó ń sùn bí òkúta odò," ni Àmá dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Sinlei, gbé abọ́ wá kí wọ́n rí i!"

"Ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Inú rẹ̀ dùn débi pé kò ráyè rẹ́rìn-ín."

"Ẹkún ńkọ́?"

"Ẹkún kẹ̀? Mo ti fòfin dè é!"

Nọ́ọ̀sì yíjú. "Màmá, abiyamọ ni mò ń bi o."

"Ṣé ẹ rò pé ẹyin ni èmi yé?"

Nọ́ọ̀sì Hsieh rẹ́rìn-ín nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Peijun wo ilẹ̀, ó ní ara òun le. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń lọ, ó fa Sinlei sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù ọmọ náà.

"Ìwọ lò ń wọ yàrá yẹn jù. Bí o bá rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ kò jẹun, tàbí pé kò sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, tàbí tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé ó sàn kí òun má sí, pè mí. Má dúró de ọ̀la. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ yìí?"

"Kábéèjì ni, mà."

Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀ kì í lè sọ òdodo. Ẹnu Sinlei ti jẹ ju dọ̀dọ̀ lọ. Bó bá sọ pé Peijun kò jẹun, wọ́n á bi í pé ta ló ń jẹ ẹ́. Ó sì tún ti ṣèlérí. Ìlérí rọrùn láti mú ṣẹ nígbà tó bá jẹ́ itan adìyẹ ló bá a wá.

Bẹ́ẹ̀ ni Sinlei ṣe ń sanra bí àgbá. Bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já nínú kíláàsì, ó fò lọ bá ọmọkùnrin kan létí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bi í bóyá òun ló bímọ. Peijun ní tirẹ̀ ń rí bí igi ìsáná, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sínú aṣọ ọmọ, kò sì mọ̀. Tsunghan, ọkọ rẹ̀, máa ń wá láti ibi iṣẹ́ ní ìlú Hsinchu lópin ọ̀sẹ̀. Bó bá béèrè pé kí ló ń ṣe ìyàwó òun, Àmá á ní ọmú ló ń fà á, adìyẹ kò tó, kí wọ́n fi kún un. Wọ́n á sì fi kún un. Ẹ mọ ẹni tí àfikún náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ náà ń ké, Peijun kò gbé e. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ onílé kejì. Sinlei gbé abọ́ kalẹ̀, ó gbé ọmọ, ó ń jó kiri títí ó fi dákẹ́.

"Wò ó bó ṣe dákẹ́ fún ọ," ni Peijun wí. "Ó mọ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìyá gidi ni èmi. Sinlei, bí mi ò bá sí mọ́, ṣé wàá máa bá mi gbé e báyìí?"

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Jẹ adìyẹ rẹ."

Sinlei jẹ ẹ́. Ìyẹn ló dùn ún jù nígbà tó yá: pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, síbẹ̀ ó jẹ ẹ́. Ó ní òun máa sọ fún Àmá lọ́la, lẹ́yìn ìdánwò ìgbáradì. Ẹ kò sì gbàgbé pé nọ́ọ̀sì ti ní kó má dúró de ọ̀la.

Àárọ̀ ọ̀la dé. Àmá ti pa àkùkọ ńlá, ọ̀gá gbogbo àgò, ó sì bu ọtí tútù sí i lẹ́ẹ̀mejì. Sinlei ti pẹ́. Ó gbé abọ́ gòkè, Peijun mi orí, Sinlei sì gbé gbogbo rẹ̀ mì lórí ìdúró, ó fò sórí kẹ̀kẹ́.

Nínú yàrá ìdánwò, ìbéèrè kìíní ní kí wọ́n dárúkọ òkè tó ga jù ní erékùṣù wọn. Sinlei wò ó, ó rí òkè méjì. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín, ó sì rín in sókè. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Chiang, wò ó. Ìbéèrè kejì jẹ́ nípa odò, ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nípa odò. Ó yà Sinlei lẹ́nu nígbà tó gbọ́ pé ohùn ara òun ni. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé bébà, ó sùn, ó ń hanrun.

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó fa imú. "Ọtí!"

"Adìyẹ ni, mà," ni Sinlei wí, kò la ojú.

"Adìyẹ wo ló ń mutí?"

"Tilé wa, mà."

Wọ́n pe Àmá. Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé pẹ̀lú fìlà oko lórí àti ìdì áyù léjìká, ariwo rẹ̀ sì ti ẹnu géètì ṣíwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi kì í mutí! Ta ló fún un? Ẹ fi ẹni náà hàn mí kí n fún un ní ìyà tí ìyá tó bí i kò fún un rí!"

Ó wọ ọ́fíìsì olùkọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Sinlei mú, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Yánmọtí," ó wí jẹ́ẹ́. "Atalẹ̀ àgbà. Ọtí tútù lẹ́ẹ̀mejì." Ó pariwo. "Àkùkọ mi! Olè! Olùkọ́, ẹ wá wo ọmọ tó ń jí oúnjẹ abiyamọ jẹ!"

Olùkọ́ Chiang kò mọ bóyá kó bá a bínú tàbí kó sá.

Sinlei ronú kíá fún ẹni tó ṣì ń rí Àmá méjì. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó rọrùn. Kó gba orúkọ olè. Àmá á na òun láti àgbàlá dé ìta, á sì tán. Àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wà ní bíbò, ìlérí kò ní yẹ̀. Àmọ́ yàrá yẹn á ṣì wà lókè, fèrèsé á ṣì wà ní títì, Peijun á sì kọjú sí ògiri. Bí òun bá padà délé lọ́jọ́ kan tí bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo ńkọ́? Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Peijun ti dákẹ́. Bí òun náà bá dákẹ́, ta ló kù?

"Àmá, mi ò jí i," ó wí, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀. "Wọ́n fún mi ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fún mi. Wọn ò jẹun, Àmá. Wọn ò sùn rárá. Wọ́n ní bí àwọn ò bá sí mọ́, kí n máa gbé ọmọ."

Àmá dúró. Ó fi orí ọmọ náà sílẹ̀.

"Gbogbo abọ́ yẹn?" ó béèrè.

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan èyí tí mo gbé lọ fún Kimlian wò?"

"Títí kan gbogbo èyí tí ẹ gbé lọ."

Ìyá àgbà náà jókòó sórí àga ọmọ ilé ìwé. "Tún un sọ," ó wí. "Ohun tó sọ nípa ọmọ. Rọra tún un sọ."

Sinlei tún un sọ. Ó fa fóònù yọ, ó fi nọ́ńbà nọ́ọ̀sì hàn án. Àmá wò ó bí ẹni ń wo ejò.

"Bí a bá pè wọ́n, wọ́n á ní ọmọ mi ń ya wèrè. Gbogbo Tuku á gbọ́."

"Màmá," ni olùkọ́ Chiang wí, ó sì kúnlẹ̀ tì í, "ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ṣé ẹ kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?"

"Mo máa ń gbé e lọ."

"Ṣé Tuku máa ń gbọ́?"

"Kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ẹ̀yìn mi?"

"Ẹ pè wọ́n, Màmá."

Sinlei ló tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì Hsieh ní kí wọ́n má fi Peijun sílẹ̀ ní òun nìkan kódà fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an. Lójú ẹsẹ̀ ni Àmá pe Kimlian. "Má bi mí ní nǹkan kan. Gun àtẹ̀gùn lọ, jókòó ti ọmọ mi, dì í lọ́wọ́ mú. Bí o bá sọ̀rọ̀ abọ́, màá pa ọ́!"

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn, ìyẹn náà ìtàn ni. Àmá gbà pé Peijun máa jáde, ṣùgbọ́n kò gbà pé afẹ́fẹ́ máa kàn án. Ó fi fìlà méjì lé e lórí, ó fi ìborùn wé ojú rẹ̀, ó ká kúbùsù òtútù mọ́ ọn, ó sì ń ṣíji agboòrùn bò ó láti inú ọkọ̀ áyù ọmọ Kimlian. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí i, ó dìde. Ó rò pé olè ni.

Nínú kúbùsù náà, Peijun wo àbúrò rẹ̀. "O ṣèlérí."

"Adìyẹ wà lẹ́nu mi nígbà yẹn," ni Sinlei wí. "Kò kà."

Dókítà Yeh, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ga, ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Báwo ni oorun, Peijun?"

Àmá la ẹnu. Sinlei já a ní èékánná. Àmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì dì í mú síbẹ̀ bí ẹni tó di ìdérí ìkòkò tó ń hó.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, yàrá dákẹ́ de Peijun. Kò dá dókítà lóhùn, ìyá àgbà rẹ̀ ló yíjú sí.

"Àmá," ó wí, "ṣé mo lè sunkún?"

Ọwọ́ Àmá rọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Sunkún, ọmọ mi," ó wí. "Sun ún dáadáa. Bí ojú yẹn bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, màá fún ọ ní tèmi."

Peijun sunkún. Kì í ṣe ẹkún kékeré. Ọmọ náà jí, òun náà gbà á. Sinlei darapọ̀. Àmá, tó ní omijé kan kò bọ́ lójú òun rí, bá wọn parí rẹ̀, ó sì fi etí kúbùsù fun imú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá lè jáde, Peijun sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Dókítà gbọ́ ọ tán. "Àìsàn ni," ó ní. "Kì í ṣe ìwà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ìyá burúkú ni ọ́. Ó ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin, àwọn mìíràn nínú oyún, àwọn mìíràn lẹ́yìn ìbímọ. Ó ní ìtọ́jú, ó sì ń lọ."

"Dókítà," ni Àmá béèrè, "ṣé adìyẹ mi ló fà á?"

"Rárá, Màmá. Adìyẹ yín kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn, kò sì lè ṣe iṣẹ́ etí."

Kò tán lọ́jọ́ kan. Peijun ń lo oògùn, ó ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ọjọ́ kan á dára, ọjọ́ kejì á wó. Tsunghan gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, òun àti Àmá pín òru láàárín ara wọn kí ìyá ọmọ lè sùn. Àmá ṣí fèrèsé. Ó fi omi gbígbóná fọ irun Peijun, ó di ojú ara rẹ̀ bó ti ń fọ̀ ọ́, bí ẹni ń jalè. Ó wá bi í ní ohun tí kò bi í láti ọjọ́ tó ti dé: kí ló wù ú jẹ? Peijun ní ògì ìrẹsì tí wọ́n gé ọ̀dùnkún sí. Àmá fi gbogbo ọ̀nà ilé ìdáná ráhùn pé oúnjẹ ọdún ìyàn ni, ó sì sè é. Abọ́ náà kò ṣófo. Ìdajì rẹ̀ kù. Àmọ́ Peijun ló jẹ ìdajì kejì, Àmá sì jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀ títí Peijun fi ní kó lọ síbòmíràn.

Sinlei gba òdo nínú ìdánwò ìgbáradì. Ó fọ ilé ìgbẹ́ ilé ìwé títí ó fi mọ gbogbo ihò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di Adìyẹ Ọlọ́tí, bóyá títí láé. Kábéèjì náà padà dé. Ó jẹ ẹ́, ó kàwé, nígbà tí ìdánwò gidi sì dé, òkè kan ṣoṣo ló rí.

Nígbà tí oṣù ọmọ pé, Àmá se ìrẹsì olóròóró gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó kun ẹyin ní pupa, ó sì gbé e kiri àdúgbò bó ti máa ń gbé abọ́. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ọ́ láìbò ó: "Ọmọ mi ní àìsàn ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ó ń gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ ń yá. Èmi tí mo wà nílé ni mi ò rí i, torí abọ́ ni mò ń wò. Ìyàwó ọmọ tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó ń sùn? Má dá mi lóhùn! Lọ bi òun fúnra rẹ̀!"

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn jókòó síwájú ilé. Peijun gbé ọmọ sórí itan, Sinlei ń bó ẹyin, Kimlian ń gé áyù.

"Sinlei," ni Àmá wí, ó gbé ìka sókè, "di èyí mú kó o tó di ẹni tó ń kàwé lọ jìnnà. Abọ́ òfìfo kì í sọ ẹni tó yó. Ènìyàn ni kó o máa wò. Bí ẹni tó o fẹ́ràn bá ní kó o bá òun bo ohun tó lè pa òun, má bò ó. Wá àgbàlagbà kan sọ ọ́ fún. Bí àgbàlagbà yẹn bá jẹ́ òmùgọ̀ bíi tèmi, tún un sọ títí á fi gbọ́. Kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ọkàn náà ara ni, ó ń ṣàìsàn, ó ń gba ìtọ́jú."

"Mo ti gbọ́, Àmá."

"Ó dáa. Wo èmi. Nígbà tí mo bí bàbá yín, mi ò…"

Kimlian wúkọ́. "Bongchi, ṣé o rántí etí odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀pà? Tí a máa ń wá ọ lọ ní ọdún yẹn, tí bàbá wọn, ìkókó nígbà náà, ń ké nílé…"

Àmá ki odidi ẹyin pupa kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Jẹun, Kimlian! Ẹnu rẹ ti gbẹ."

Kimlian ń bá ẹyin jà, ojú rẹ̀ yọ síta, Sinlei ń fi ẹ̀rín lu ilẹ̀. Peijun sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, tó jáde lójijì, tó jẹ́ kí ọmọ orí itan rẹ̀ gbójú sókè wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá àgbà náà, ó wò ó dáadáa, bí wọ́n ṣe ní kí a máa wo ènìyàn.

"Àmá," ó wí jẹ́ẹ́, "nígbà tí ẹ bí bàbá wa, ta ló bá yín jẹ adìyẹ tiyín?"